Omi Narmada: Ẹni Tó Rí Mu àti Ẹni Tó Bá a Lọ

Ní ọdún 1986, rélùwéè ni wọ́n fi gbé omi lọ sí ìlú Rajkot. Kì í ṣe omi inú ike tí èrò ọkọ̀ ń mu o. Táńkà onírin ni wọ́n so mọ́ra wọn bí èyí tó ń kó epo, wọ́n rọ omi kún un, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá tí òǹgbẹ ń gbẹ. Rajkot wà láàárín gbùngbùn Saurashtra, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́dún, ìyẹn tó bá tilẹ̀ rọ̀. Láàárín 1985 sí 1988, ọ̀dá dá níbẹ̀ léraléra. Kànga gbẹ. Àwọn tó lówó gbẹ́ bọhóòlù jìn sí i, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, omi tí wọ́n bá nísàlẹ̀ ní fluoride nínú débi pé eyín ọmọdé ń pa àwọ̀ dà. Bí ènìyàn bá sì mu ún pẹ́, oríkèé ara á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà dun jù, torí orí wọn ni ìkòkò wà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé orí òkè, níbi tí omi ti bo abúlé mọ́lẹ̀, ni ọ̀pọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ dáàmù Sardar Sarovar, èyí tí wọ́n kọ́ sórí odò Narmada, ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó dé Rajkot. Àwọn mìíràn a bẹ̀rẹ̀ láti Rajkot, wọn kò ní gun òkè rárá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni àwọn baba wa pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ dáàmù yìí, kò sì sí ìhà kan nínú àwọn tó ń fà á tí mo lè pè ní òpùrọ́ pátápátá.

Odò Narmada kì í ṣe omi lásán lójú àwọn tó ń gbé létí rẹ̀. Òrìṣà ni, bí Ọya ṣe jẹ́ odò tó tún jẹ́ òrìṣà. Wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú Ganga kó tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn fojú rí Narmada ti mọ́. Òkè Amarkantak ní Madhya Pradesh ló ti ṣẹ̀, ó sì rin 1,312 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn kó tó wọ òkun nítòsí Bharuch ní Gujarat. Àwọn olùfọkànsìn a máa fẹsẹ̀ rìn yí i ká: wọ́n á gba bèbè kan lọ, wọ́n á gba èkejì bọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ sọdá rẹ̀ láàárín. Ìrìn ọ̀pọ̀ oṣù ni.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ọdún 1961, Jawaharlal Nehru, olóòtú ìjọba Íńdíà nígbà náà, fi òkúta ìpìlẹ̀ dáàmù náà lélẹ̀ nítòsí Kevadia. Òun ló ti kọ́kọ́ pe dáàmù ní tẹ́ńpìlì Íńdíà tuntun. Òun kan náà ló tún dúró níwájú àwọn ẹnjiníà ní 1958, tó ní ẹ̀rù ń ba òun pé àìsàn kan ti ń wọ orílẹ̀-èdè náà lára, àìsàn ká máa kọ́ nǹkan ńlá nítorí pé ó ń jẹ́ ńlá. Àwọn tó fẹ́ràn dáàmù kì í rántí ọ̀rọ̀ kejì yẹn. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ kì í sì í rántí pé ẹni tó sọ ọ́ ló wá fi òkúta lélẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó pé.

Abúlé mẹ́fà ní Kevadia ni wọ́n gba ilẹ̀ wọn nígbà náà láti fi kọ́ ọ́fíìsì àti ilé òṣìṣẹ́. Nítorí pé omi kò bo ilẹ̀ ọ̀hún, òfin kò kà wọ́n mọ́ àwọn tí dáàmù lé kúrò. Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ bí irú èyí sí i.

Òkúta ìpìlẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lọ, torí pé àwọn ìpínlẹ̀ ń jà. Gujarat fẹ́ kí dáàmù ga kí omi lè ṣàn dé Saurashtra àti Kutch. Madhya Pradesh, níbi tí odò ti ṣẹ̀ tó sì ti rin ìrìn tó pọ̀ jù, ní bí dáàmù bá ṣe ń ga sí i ni ilẹ̀ òun yóò máa rì sí i. Ní 1969 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kalẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jókòó. Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní oṣù Kejìlá 1979, wọ́n pín omi odò náà sí ọ̀nà 28. Madhya Pradesh mú 18 àti ìdámẹ́rin, Gujarat mú 9, Rajasthan tí odò náà kò tilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá mú ààbọ̀, Maharashtra mú ìdámẹ́rin. Nígbà tó kan iná mànàmáná dáàmù náà, ọ̀rọ̀ yí padà: nínú 100, 57 ni ti Madhya Pradesh, 27 ti Maharashtra, 16 péré ti Gujarat. Iná yẹn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀san fún àwọn tó wà lókè, tí ilẹ̀ wọn máa rì kí omi tó dé oko ẹlòmíràn.

Ìdájọ́ náà tún ní apá kejì, tó kan àwọn tó máa ṣí kúrò. Ẹni tó bá pàdánù ju ìdámẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀ lọ, ilẹ̀ ni wọ́n máa fi san án fún un, kì í ṣe owó: ó kéré tán hẹ́kítà 2, ilẹ̀ tí omi ìbomirin dé. Ọmọkùnrin tó ti dàgbà, ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Gbogbo èyí sì gbọ́dọ̀ ti parí ní ọdún kan, ó kéré tán, kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ìjọba kàn ń ju owó díẹ̀ sí ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀, òfin gidi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "ọdún kan kí omi tó dé" yẹn sọ́kàn.

Dáàmù tí wọ́n wá kọ́ gùn ní 1,210 mítà, ó sì ga ní 163 mítà láti ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bó bá kún, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn ní 214 kìlómítà, tóóró, bí ejò tó na ara sáàárín òkè. Iná tó lè mú jáde jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,450. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Ilé iná méjì ló wà. Èyí tó tóbi, tó lè mú 1,200 jáde, wà nísàlẹ̀ létí odò. Omi tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, inú odò ló ń bọ́ sí, ó di òkun. Èyí tó kéré, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 250, wà lókè ní ẹnu kànáàlì. Omi tó bá gba ibẹ̀ ló ń lọ sí oko àti ìlú. Omi kan kò lè gba ọ̀nà méjì. Bí omi tí Gujarat ń fà sínú kànáàlì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń yí ẹ̀rọ ilé iná ńlá ń dín kù. Ẹ sì rántí ẹni tó ni 57 nínú 100 iná náà. Ọjọ́ tí kànáàlì bá ṣiṣẹ́ dé ojú àmì, ọjọ́ náà ni ẹ̀san àwọn ará òkè máa kéré jù. Kò sí ẹni tó jí i gbé. Bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Abúlé 245 ni omi kàn: 193 ní Madhya Pradesh, 33 ní Maharashtra, 19 ní Gujarat. Kò yẹ ká kà wọ́n bí ẹni ka iṣu lórí àtẹ, torí oríṣi ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n pàdánù kò sì jọra.

Lórí òkè, lápá ibi tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, àwọn Bhil, Bhilala àti Tadvi ló ń gbé. Adivasi ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ilé wọn jìnnà síra, olúkúlùkù lórí òkè tirẹ̀ láàárín oko rẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti ń mú ìyókù: ewé, oyin, igi ìdáná, òdòdó igi mahua tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí igi tí à ń yọ òrí lára èso rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òdòdó náà bá ti já sílẹ̀ mọ́jú, tọmọdé tàgbà á jáde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á tà nínú rẹ̀, wọ́n á fi ìyókù pọn ọtí. Ẹja wà nínú odò, ẹnikẹ́ni kì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni akọ̀wé fẹ́ kọ sínú ìwé owó gbà-má-bínú? Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní ìjọba ló ni igbó, nítorí náà ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti ń ro ibẹ̀ kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Orúkọ tí wọ́n pè é nínú fáìlì kò jìnnà sí ajagungbalẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí! Ẹni tí ìwé sọ pé kò ní ilẹ̀, ilẹ̀ wo ni ẹ fẹ́ san padà fún un?

Síbẹ̀, n kò fẹ́ ká sọ ibẹ̀ di ọgbà Édẹ́nì. Ọ̀nà ọkọ̀ kò dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé náà. Aláìsàn, orí ibùsùn tàbí inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé e títí yóò fi rí dókítà. Ilé ìwé tó wà nínú ìwé ìjọba, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni tíṣà kì í dé. Àwọn àgbàlagbà Íńdíà kan tó fẹ́ràn dáàmù a máa bi àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ láti ìlú ńlá pé: ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n máa gbé nínú igbó, ṣé ẹ̀yin náà á lọ gbé ibẹ̀? Ìbéèrè tó ń tani lára ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni.

Oríṣi kejì ni àwọn ará Nimad, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Madhya Pradesh. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, òwú, àlìkámà, ata, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilé bíríkì, tẹ́ńpìlì, mọ́sálásí, ọjà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi Narmada sí oko wọn kí ẹnikẹ́ni tó sé e. Àwọn wọ̀nyí ní ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàṣe tó ń ṣa òwú nínú oko olóko, amọ̀kòkò tó ń gbẹ́ amọ̀ létí odò, ọlọ́kọ̀ ojú omi, apẹja, àwọn yẹn kò ní nǹkan kan tí òfin hẹ́kítà méjì lè kàn. Olóko gba ilẹ̀ níbòmíràn, alágbàṣe rẹ̀ kò bá a lọ.

Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni Medha Patkar, tó kọ́kọ́ wá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùwádìí, ti ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé, tó ń bi àwọn ènìyàn bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn pé omi ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Narmada Bachao Andolan ti jáde, Baba Amte tí gbogbo Íńdíà ń bọ̀wọ̀ fún nítorí ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Lẹ́nu ìbẹ̀rẹ̀, ètò ìṣípòpadà tó ní ìtumọ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ dáàmù náà rárá.

Ẹgbẹ́ mìíràn wà tí orúkọ rẹ̀ kò la òkun kọjá: ARCH-Vahini, ní Gujarat. Àwọn náà jà fún àwọn Adivasi, wọ́n wọ́de, wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí Gujarat wá ṣe òfin tuntun ní ìparí 1987, tó ní kí ẹni tí ìwé pè ní ajagungbalẹ̀ àti ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá náà gba hẹ́kítà 2, ARCH-Vahini ní ohun tí àwọn ń jà fún ti tẹ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ti dáàmù náà lẹ́yìn láti ìgbà yẹn. Àwọn tó ń jà lórí òkè pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jà fún ilẹ̀ tó sì rí ilẹ̀ gbà, kò ṣe àìdáa tó bá dúró. Àbùkù ibẹ̀ ni pé òfin Gujarat kò dé Madhya Pradesh, bẹ́ẹ̀ Madhya Pradesh ló ni abúlé 193.

Báńkì Àgbáyé ti fọwọ́ sí owó yíyá mílíọ̀nù 450 dọ́là ní 1985. Ariwo pọ̀, Japan fa ọwọ́ owó tirẹ̀ sẹ́yìn ní 1990, báńkì náà sì rán ìgbìmọ̀ olómìnira kan lọ wò ó lábẹ́ Bradford Morse. Ní 1992 ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé pé, bí nǹkan ṣe ń lọ, kò ṣeé ṣe láti tún ìgbé ayé gbogbo àwọn tí wọ́n lé kúrò ṣe, àti pé kí báńkì náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹta 1993 Íńdíà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n mú owó tó kù dání. Ìròyìn ìṣẹ́gun ni wọ́n kà á sí lágbàáyé. Mo sì gbà pé ìṣẹ́gun ni, àmọ́ ó ní ẹ̀yìn: nígbà tí ayánilówó kò sí mọ́, kò sẹ́ni láti òde tó tún lè ní kí wọ́n ṣí ìwé wò. Iṣẹ́ kò dúró. Owó abẹ́lé ni wọ́n fi ń bá a lọ.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ni ọ̀rọ̀ wá kù sí lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Patkar pe ẹjọ́ ní 1994. Ní 1995 iṣẹ́ dúró nígbà tí dáàmù ga dé mítà 80.3, tí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá 2000, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní kí iṣẹ́ máa lọ. Ẹ̀kẹta wọn, Adájọ́ Bharucha, kò bá wọn fọwọ́ sí i. Ó ní ètò àyẹ̀wò àyíká kò tíì tẹ̀lé ìlànà. Àwọn méjì tó fọwọ́ sí i kò ṣe bí ẹni tí kò ní àánú. Wọ́n ní kí gíga dáàmù àti ìṣípòpadà àwọn ènìyàn máa rìn pọ̀ ní ẹsẹ̀ kan náà: dáàmù kò gbọdọ̀ ga sí i láìjẹ́ pé àwọn tí gíga yẹn máa kàn ti rí ilẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ́rìí pé wọ́n ti rí ilẹ̀? Ìjọba tó fẹ́ kí dáàmù ga náà ni.

Bó ṣe rí ní 2006 nìyí. Wọ́n fẹ́ gbé dáàmù dé mítà 121.92, Patkar sì gbààwẹ̀ ní Delhi fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ pé àwọn ènìyàn kò tíì rí ilẹ̀. Narendra Modi, tó jẹ́ olórí ìjọba Gujarat nígbà náà, gba ààwẹ̀ wákàtí 51 tirẹ̀ ní Ahmedabad pé kí wọ́n má dá iṣẹ́ dúró. Aamir Khan, òṣèré fíìmù, sọ̀rọ̀ gbe àwọn tí wọ́n lé kúrò, ni fíìmù rẹ̀ Fanaa kò bá jáde ní gbọ̀ngàn sinimá ní Gujarat. Ìhà méjèèjì gbààwẹ̀. Ohun ìjà Gandhi ni àwọn méjèèjì mú, wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ ara wọn.

Ní Madhya Pradesh, ilẹ̀ di owó. Ìjọba ibẹ̀ ní kò sí ilẹ̀ tó tó, kí àwọn ènìyàn gba owó ní ìpín méjì kí wọ́n fi ra ilẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìpín kejì gbọ́dọ̀ mú ìwé ilẹ̀ tó rà wá. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kàn. Àwọn alágbàtà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n ń ta ayédèrú ìwé ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì ń ṣe agbódegbà wọn. Àgbẹ̀ tó ní hẹ́kítà lọ́wọ́ títí di àná wá ní bébà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, ilẹ̀ tí bébà náà ń sọ kò sí níbì kankan, tàbí kó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ S. S. Jha, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tú ìwé wò. Ní oṣù Kejì 2017, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí ìdílé 681 tí kò rí ilẹ̀ gbà gba mílíọ̀nù 6 rupee ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ìdílé 1,358 tó kó sọ́wọ́ àwọn oníwèé ayédèrú sì gba mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọdún 1979 ni òfin ti ní ilẹ̀ ni kí wọ́n fún wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin ọgbọ̀n tó wà lórí dáàmù pa. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́fà, dáàmù dé mítà 138.68.

Omi ńkọ́? Omi dé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí ketekete, torí pé àwọn alátakò kan fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé kò ní dé láé, pé àwọn olówó ìrèké àti ilé iṣẹ́ àárín Gujarat ni yóò fà á mu tán lọ́nà. Kànáàlì ńlá rin 458 kìlómítà nínú Gujarat, ó wọ Rajasthan ní 2008, níbi tí iyanrìn ti ń fẹ́. Páìpù gbé omi mímu dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ní Saurashtra àti Kutch. Odò Sabarmati tó máa ń gbẹ láàárín Ahmedabad, omi Narmada ló kún inú rẹ̀ báyìí. Ní oṣù Kẹjọ 2022, ẹ̀ka kànáàlì Kutch, tó gùn ní 357 kìlómítà, dé òpin. Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́ta òru láti tò sẹ́yìn táńkà, tó wá ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi nínú àgbàlá rẹ̀, kò ní bi yín ní ìròyìn Morse.

Ó pẹ́ kó tó dé, ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Kànáàlì kéékèèké tó yẹ kó gbé omi láti ẹ̀ka ńlá wọ oko ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn, àwọn àgbẹ̀ tó wà létí kànáàlì sì ń gbé ẹ̀rọ sí i, wọ́n ń fà á kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí òjò kò tó ní Madhya Pradesh, ìjọba Gujarat sọ fún àwọn àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 pé kí wọ́n má gbin nǹkan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí pé omi mímu ló ṣáájú. Dáàmù kì í pe òjò. Èyí tó rọ̀ ló ń tọ́jú.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Esther Duflo àti Rohini Pande, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007 lórí àwọn dáàmù Íńdíà lápapọ̀. Wọ́n rí i pé ní àgbègbè tó wà nísàlẹ̀ dáàmù, èrè oko ń pọ̀ sí i, òṣì sì ń dín kù. Ní àgbègbè tí wọ́n kọ́ dáàmù sí gan-an, òṣì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó jàǹfààní kì í ṣe ẹni tó sanwó. Àwọn méjì mìíràn, Swaminathan Aiyar àti Neeraj Kaushal, wá lọ bá àwọn Adivasi tí wọ́n kó láti orí òkè wá sí Gujarat, wọ́n fi wọ́n wé àwọn ará àdúgbò wọn àtijọ́ tó kù sínú igbó. Àwọn tó ṣí wá ní tẹlifíṣọ̀n, alùpùpù àti fóònù jù wọ́n lọ, wọ́n sún mọ́ ilé ìwosàn, wọ́n sún mọ́ ilé ìwé. Wọ́n wá bi wọ́n bóyá wọn ì bá fẹ́ padà sí ibi tí wọ́n ti wá. 54 nínú 100 ní àwọn á padà.

Ibi tí mo ti máa ń dákẹ́ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn dáàmù á mú alùpùpù, ẹni tó kórìíra rẹ̀ á mú 54. Lẹ́nu ènìyàn kan náà ni méjèèjì ti jáde. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn rọ̀ṣọ̀mù níbi tó wà kí ọkàn rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Ẹni tó bá ti gbé ìdálẹ̀ rí mọ̀ ọ́n.

Tí wọ́n bá ní kí èmi náà wí tèmi, n kò ní sọ pé kí wọ́n má ti sé odò yẹn. Òǹgbẹ Saurashtra kì í ṣe ìtàn tí olóṣèlú hun. Ohun tí mo kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni "ọdún kan kí omi tó dé." Òfin wà, ó dára, àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Gujarat fi hàn lọ́nà tirẹ̀ pé ó ṣeé tẹ̀lé. Ìjọba tó lè tẹ́ kọnkéré sísàlẹ̀ kànáàlì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lè wá hẹ́kítà méjì fún àgbẹ̀ kan. Gbogbo ìgbà tí dáàmù bá ti fẹ́ ga sí i ni wọ́n ń rí símẹ́ǹtì; ilẹ̀ nìkan ni kì í sí.

Àwọn kan sì wà tí ìdájọ́ 1979 kò fi bẹ́ẹ̀ rántí: àwọn tó wà nísàlẹ̀ dáàmù. Ní Bharuch, ní ẹnu odò, ẹja hilsa máa ń ti òkun wọ inú omi dídùn wá láti yé ẹyin nígbà òjò, ibẹ̀ sì ni àwọn apẹja ti ń dẹ àwọ̀n dè é. Láti ìgbà tí omi tó ń ṣàn wálẹ̀ ti dín kù ni omi iyọ̀ ti ń gòkè wọ inú odò, ẹja náà sì ń wọ́n. Apẹja kò ṣí kúrò nílé, nítorí náà kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọ̀rọ̀ wá yí padà: òjò ńlá rọ̀ lókè, dáàmù kún, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, omi sì ya wọ ilé àti ọjà ní Bharuch àti Ankleshwar. Ìjọba ní òjò ló pọ̀. Àwọn ará ìlú ní kí ló dé tí wọn kò ti máa tú u díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Nítòsí ìlú Barwani ní Nimad, létí Narmada, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Rajghat, níbi tí wọ́n tọ́jú díẹ̀ lára eérú Mahatma Gandhi sí, pẹ̀lú ti Kasturba ìyàwó rẹ̀ àti ti Mahadev Desai, akọ̀wé rẹ̀. Saurashtra ni wọ́n ti bí Gandhi, Rajkot ló ti lọ sí ilé ìwé. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà 2017, Modi, tó ti di olóòtú ìjọba, dé sí adágún Aji ní Rajkot láti kí omi Narmada káàbọ̀. Ogunlọ́gọ̀ èrò ló jáde. Nínú oṣù Keje tó tẹ̀ lé e, katakata wá sí Rajghat, wọ́n wú ìsà eérú náà, wọ́n sì gbé e lọ sórí ilẹ̀ gíga, nítorí pé omi ń bọ̀.